Burọ́ọ̀ṣì Oníná Dé Láti Òkè Òkun: Ẹ Má Tíì Ki Í Bọ Iná o!

Ẹrù dé láti Amẹ́ríkà, inú ìyá dùn ṣìnkìn. Ká sọ pé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ni, ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Houston. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò wọ́n láàárín ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ó tú ẹrù, ó bá bàtà, ó bá ìpara, ó bá gèlè méjì, ó wá kan páálí funfun kan tí wọ́n ya eyín sí lára. Nígbà tó ṣí i, ohun kan tó jọ burọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ sanra bí odidi àgbàdo, orí rẹ̀ sì kéré roboto bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ pè é lórí fóònù.

"Màmá mi, ṣé ẹ ti rí burọ́ọ̀ṣì oníná yẹn? Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni, á máa fọ eyín yín fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní ó ń jáde lẹ́nu yín yẹn, ó máa dá a dúró."

"Ẹ ṣeun o, ọmọ mi. Wàá rí tìẹ gbà."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ìyá ti ń rí i. Bó bá ti ki pákò bọ ẹnu láàárọ̀, itọ́ pupa ló máa tu. Ó ní bóyá pákò ló le jù, ló bá fi ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀, kò fọ ibẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Obìnrin tí òwò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ dídùn wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà. Ẹ̀rù tún ń bà á, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ti pàdánù eyín iwájú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, eyín mímì lẹ́yìn náà, ihò lásán nígbẹ̀yìn.

Nítorí náà, kò dúró di ọjọ́ kejì rárá. Ó mú ṣájà burọ́ọ̀ṣì náà, ó fẹ́ ki í bọ ara ògiri. Kò wọlé. Ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ ni ṣájà ní, ihò mẹ́ta ni ti ara ògiri. Ló bá gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin oníná tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lọ́jà.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá."

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Bá mi wá nǹkan tí màá fi ki eléyìí bọ iná."

Ọmọkùnrin náà yí ṣájà padà, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ó ka ohun tíńtín tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀.

"Háà! Màmá, ẹ má ki í bọ iná o!"

"Kí ló dé? Ṣé ó máa gbá mi ni?"

"Bí kò bá tiẹ̀ gbá yín, òun fúnra rẹ̀ á jóná. 120 ni wọ́n kọ sí i lára. Iná tiwa níbí, 230 ni."

IJÀ FÓÒTÌ

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ibi tí owó ti ń jóná rèé. Iná tí wọ́n ń lò nínú ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà nìkan, bí ẹ bá fún un ní iná Nàìjíríà, bí ìgbà tí ẹ da gálọ́ọ̀nù omi sínú ife ni. Á gbóná, á rùn, ó sì lè gbiná.

Ẹ yí ṣájà padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bó bá jẹ́ "100–240V" ni wọ́n kọ, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ìlú tí kò ti lè ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ "120V" tàbí "110–130V" nìkan, ẹ jẹ́ kó sinmi sínú páálí rẹ̀. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta adápútọ̀ lásán fún yín pé òun ló máa yanjú rẹ̀. Adápútọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹsẹ̀ nìkan ló ń yí padà, kì í dín iná kù. Ohun tó ń dín iná kù ni tirafọ́mà, ó sì ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti burọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Èyí tó sàn jù ni kí ẹ wá ṣájà 230 tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe fún irú burọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an.

Ti àwọn tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Iná wọn àti tiwa dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì roboto ni ṣájà burọ́ọ̀ṣì wọn sábà máa ń ní, nítorí ihò tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n nínú balùwẹ̀ wọn ni wọ́n ṣe é fún. Fún irú èyí, adápútọ̀ tó dára tó ó ṣe. Àwọn burọ́ọ̀ṣì tuntun kan tún wà tó ń fi wáyà USB gba iná bíi ti fóònù. Bí ọmọ yín bá béèrè irú èyí tí òun máa rà, ẹ ní kó ra ìyẹn. Ẹ lè fi páwà báǹkì tàbí iná òòrùn ṣáàjì rẹ̀, kò kan NẸ́PÀ.

NÍBO NI OHUN YÌÍ TI WÁ?

Ẹni tó bá rò pé àná ni wọ́n ṣe burọ́ọ̀ṣì oníná, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1954, dókítà kan tó ń jẹ́ Philippe-Guy Woog ṣe ọ̀kan ní ilẹ̀ Swítsáláǹdì, wọ́n pè é ní Broxodent. Ó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1960. Wáyà ló fi ń gba iná láti ara ògiri, èèyàn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ní 1961, ilé iṣẹ́ General Electric gbé èyí tí kò ní wáyà jáde, tó ń tọ́jú iná sínú bátìrì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe.

Ta ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún? Kì í ṣe fún ọlọ́lá. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò ṣe déédéé mọ́ ni, àti àwọn tí dókítà de irin mọ́ eyín wọn láti tò ó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa parí sí.

Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà lónìí. Èkíní ni olórí róbótó, tí orí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún, yí sósì, kíákíá kíákíá. Èkejì ni olórí gígùn bíi ti burọ́ọ̀ṣì lásán, tó ń gbọ̀n rìrì. Sonicare tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992 jẹ́ irú èyí, àwọn tó ń ṣe é sì ní irun rẹ̀ ń mì ní ìgbà 31,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí ọwọ́ ọmọ èèyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin oníná á béèrè pé, báwo ló ṣe ń gba iná nígbà tí kò sí irin tó kan irin láàárín òun àti ṣájà? Wáyà tí wọ́n ká róbótó wà nínú ṣájà, òmíràn wà nínú ìdí burọ́ọ̀ṣì. Bí iná ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn nínú ti ṣájà, ló ń fa iná jáde nínú ti burọ́ọ̀ṣì, bí tirafọ́mà orí òpó ṣe ń ṣe gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dí ìdí burọ́ọ̀ṣì pa kí omi má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣájà ní tirẹ̀ wà lójú iná o. Ẹ gbé e jìnnà sí omi, ẹ má sì fi ọwọ́ tútù mú un.

ṢÉ Ó JU BURỌ́Ọ̀ṢÌ ỌLỌ́WỌ́ LỌ LÓÒÓTỌ́?

Ó jù ú lọ díẹ̀, kò jù ú lọ bí òkè ju ilẹ̀. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Cochrane. Iṣẹ́ wọn ni láti kó ìwádìí ìṣègùn jọ, kí wọ́n sì tú wọn wò finnífinní. Ní 2014, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún burọ́ọ̀ṣì oníná. Ìwádìí 56 ni wọ́n kó jọ, àwọn èèyàn tó kópa nínú rẹ̀ ju 5,000 lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù lára eyín àwọn tó ń lo oníná fi ìdá 21 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń lo ọlọ́wọ́. Wíwú ẹran ìdí eyín náà dín sí i, ìdá 11 nínú 100.

Ká fi ọjà ṣàlàyé rẹ̀. Bí ìdọ̀tí tó kù lẹ́nu ẹni tó lo burọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ bá jẹ́ kóńgò 100, ti ẹni tó lo oníná á jẹ́ 79. Èrè wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kóńgò 79 náà ṣì wà ńlẹ̀! Burọ́ọ̀ṣì oníná kì í ṣe oògùn. Ohun tó fi ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ni pé ó ní aago nínú. Ìṣẹ́jú méjì ni àwọn dókítà eyín ní kí èèyàn máa fi fọ eyín, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ wo ara yín láàárọ̀ ọ̀la, nígbà tí mọ́tò ọjà ń fun fèrè níta. Èló nínú yín ló ń lo ìṣẹ́jú kan péré?

ẸNU TÓ Ń ṢẸ̀JẸ̀ KÌ Í PARỌ́

Ibi tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti ṣìnà nìyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń bá a ṣìnà. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀. Bẹ́ẹ̀ àìfọ̀ dáadáa ló sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Lójoojúmọ́, ìdọ̀tí rírọ̀ kan tó kún fún kòkòrò àìfojúrí máa ń lẹ̀ mọ́ ara eyín, pàápàá níbi tí eyín ti pàdé ẹran. Bí wọn kò bá gbá a kúrò, ẹran ìdí eyín á wú, á pọ́n, tí nǹkan bá sì kàn án, á ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá tún pẹ́ sí i, ìdọ̀tí rírọ̀ yẹn á gan bí òkúta. Nígbà tó bá wá di ọdún gbọọrọ, àrùn náà á wọ abẹ́ ẹran, á máa jẹ egungun tó di eyín mú. Eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí òpó tí ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dun èèyàn títí tó fi máa bàjẹ́, ohun tó fi burú gan-an nìyẹn. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló yẹ kó ṣọ́ra jù lọ, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kí àrùn ẹran eyín le sí i, àrùn ẹran eyín náà sì máa ń jẹ́ kí ṣúgà ara ṣòro láti dín kù.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà eléyín fi irin wo ìdí eyín rẹ̀.

"Ìyá, kò sí burọ́ọ̀ṣì tó lè yọ òkúta yìí, ìbáà jẹ́ oníná, ìbáà jẹ́ ti wúrà. Àwa la máa bá yín ha á kúrò."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ o, wọ́n ní bí ẹ bá ti ha eyín, á máa mì."

"Àrùn ló ń mi eyín, Ìyá, kì í ṣe híha. Òkúta yẹn ló bo ihò tí àrùn ti gbẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ tán, ẹ máa rí ibi tó ti jẹ. Ẹ̀yin ẹ wá tètè dé."

Kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹnu yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ bí ẹ tilẹ̀ ń fọ̀ ọ́ dáadáa, tàbí tí eyín bá ń mì, tàbí tí ọyún ń jáde, dókítà eléyín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ má kọ́kọ́ lọ ra burọ́ọ̀ṣì.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RÀ Á

Kí ẹ má bàa ra ológbò nínú àpò, ohun tí ẹ máa wò rèé:

Ṣájà ni àkọ́kọ́, bí ẹ ṣe kà á lókè yìí.

Orí burọ́ọ̀ṣì ni èkejì. Bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ orí rẹ̀, tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀ bí irun rẹ̀ bá ti fọ́n káàkiri. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: "Ṣé orí eléyìí wà fún títà níbí? Èló ni?" Burọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í ta orí rẹ̀ nítòsí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ohun ìṣeré ọmọdé ló máa dà. Orí tó rọ̀ ni kí ẹ mú, ẹ má mú líle.

Aago ìṣẹ́jú méjì ni ẹ̀kẹta. Èyí tó dára máa ń gbọ̀n díẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti sọ fún yín pé ó tó àkókò láti bọ́ sí apá mìíràn lẹ́nu.

Ìkẹrin kì í ṣe ẹgbẹ́ kẹta, ṣùgbọ́n èyí dára bí owó bá ká a: iná kékeré tó ń tàn, tàbí ẹ̀rọ tó ń rọra dẹwọ́, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù mọ́ eyín. Ó wúlò gan-an fún ẹ̀yin tí ẹ ti fi pákò kọ́ ọwọ́ yín ní agbára.

Bátìrì ni ìkarùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba iná, bí wọ́n bá gbà á yó, á tó lò fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. NẸ́PÀ lè mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó má dí yín lọ́wọ́. Èyí tó ń lo bátìrì bíi ti tọ́ọ̀ṣì kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti ń rẹ̀ ẹ́, òun náà á máa fà.

Èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tó ní àwọ̀ márùn-ún àti bọ́tìnnì méje, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí owó ń yọ lẹ́nu. Kì í ṣe bọ́tìnnì ló ń fọ eyín.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á mú burọ́ọ̀ṣì oníná, á tún máa fi í gbo eyín síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fọ ìkòkò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ti ń gbo ó fún yín, tiyín ni láti máa gbé e kiri.

Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó tó èso ẹ̀wà kan sí i lórí. Kó wọ ẹnu tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọṣẹ á ta sí yín lójú àti sí aṣọ. Ẹ tẹ orí rẹ̀ díẹ̀ sápá ibi tí eyín àti ẹran ti pàdé. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ lára eyín kan, kí ẹ tó sún un sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ pín ẹnu sí mẹ́rin: òkè ọ̀tún, òkè òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì. Ìdajì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ ìta, ẹ fọ inú, ẹ fọ orí eyín tí ẹ fi ń lọ ẹran. Inú eyín ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn pátápátá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, ibẹ̀ gan-an sì ni òkúta fẹ́ràn. Á rìn yín lẹ́nu lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù. Bí ibi tó ti wú bá ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ má sá níbẹ̀, ẹ rọra fọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá parí, ẹ tutọ́ dànù, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu. Ohun tó ń jẹ́ fluoride nínú ọṣẹ ìfọyín ló ń mú kí eyín le. Bí ẹ bá ti fi omi yọ ọ́ dànù, ẹ ti da èrè nù. Lára ọṣẹ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. 1,350 sí 1,500 ppm ló dára fún àgbàlagbà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC náà lára rẹ̀.

Fífọ̀ alẹ́ ṣe pàtàkì ju ti àárọ̀ lọ, nítorí itọ́ tó ń ṣọ́ eyín máa ń dín kù nígbà tí èèyàn bá sùn. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sùn, lẹ́yìn náà kó má sí oúnjẹ mọ́. Àárín eyín tí burọ́ọ̀ṣì kò lè wọ̀, òwú ìfọyín ni kí ẹ fi mú ohun tó há síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pín-ìnnì àti ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí kan lè wà fún gbogbo ilé, ṣùgbọ́n orí gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Wọ́n máa ń fi òrùka aláwọ̀ oríṣiríṣi sí orí rẹ̀ kí olúkúlùkù lè mọ tirẹ̀. Tọkọtaya lè jọ sùn, wọn kì í jọ lo orí burọ́ọ̀ṣì kan.

PÁKÒ ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé ìròyìn ní kí ẹ ju pákò nù. Orín àta, pákò Ìjẹ̀bú, àyìn, àwọn baba wa kò fi wọ́n ṣeré. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tí pákò jẹ́ àṣà ilẹ̀ wọn níyànjú pé kí wọ́n máa lò ó. Ẹni tó bá rún un dáadáa títí orí rẹ̀ fi rọ̀ bí irun, tó sì fi sùúrù tọ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọ eyín.

Ohun méjì péré ló kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Pákò gbọọrọ kì í fẹ́ dé inú eyín ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì ń fi agbára gún un lè lé ẹran kúrò nídìí eyín. Èkejì ni pé kò ní fluoride bíi ti ọṣẹ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pákò láàárọ̀, kó jẹ́ burọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ lálẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, tó lè fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, burọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ tó o. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó jẹ gbèsè nítorí oníná.

Ta wá ni oníná yẹ fún? Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí làkúrègbé kò jẹ́ kó lè di nǹkan tínínrín mú, nítorí ìdí rẹ̀ tó sanra rọrùn láti dì mú. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò ṣe déédéé. Ẹni tó ń fọ eyín fún arúgbó tàbí aláìsàn. Ẹni tí wọ́n de irin mọ́ eyín rẹ̀. Àti ẹni tí kò lè fara balẹ̀ àfi bí aago bá ń ṣọ́ ọ.

ỌWỌ́ TÓ NÍLÒ RẸ̀

Wọ́n ha eyín ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ó ra burọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ tó rọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó ń fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú méjì. Kò pẹ́ tí itọ́ fi ń funfun. Ó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó ń bá oníbàárà rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníná bá a wá ṣájà 230 tó bá burọ́ọ̀ṣì Houston mu. Ìyá kò lò ó. Ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti sọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di aláìlágbára láti ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, àbúrò ló ń bá a fọ eyín, bó bá sì ti lọ sọ́jà ní kùtùkùtù, kò sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ òsì di ìdí sísanra yẹn mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń rìn ín lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Eyín mẹ́ta ti lọ, wọn kò ní padà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ti rí ẹni máa tọ́jú wọn, ẹni náà sì ni olówó wọn.

Ọmọ pè láti Houston.

"Màmá mi, burọ́ọ̀ṣì yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọwọ́ tó nílò rẹ̀ ló wà."